Èdè Ta Ni Ẹ̀rọ Yóò Fi Kọ́ Ọmọ Wa ní Ìṣirò?

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ti oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà nìkan. Ọ̀rọ̀ nípa ìṣirò ni, àti nípa ẹ̀rọ tí a fi ń kọ́ ọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti nípa èdè tí ẹ̀rọ náà ń sọ sí etí ọmọ.

Ní àìpẹ́ yìí, ilé-ìwé aládàáni kan ní àdúgbò Thomas Estate, lẹ́bàá Ajah, ní ojú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, pe àwọn òbí àti àlejò wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ. Àwa díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí wà níbẹ̀. A kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀ràn yìí bá, àti nítorí pé àwọn olùkọ́ ibẹ̀ gbà wá tọwọ́-tẹsẹ̀. Inú wa dùn sí ohun tí a rí. Ìjókòó dára, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, àwòrán ńlá tí ń tàn yòò wà lára ògiri níbi tí bọ́ọ̀dù dúdú ìgbà tiwa ìbá wà, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì mú tábúlẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ dání. Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún méje, tí baba àti ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, fi ìka tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó ro 17 pọ̀ mọ́ 8, ẹ̀rọ náà sì fi orin àti ìràwọ̀ yìn ín. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àwa náà pàtẹ́wọ́.

Ìyá àgbà ọmọ náà, tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ yọ̀. Ó bi í pé, “Ọkọ mi, mẹ́tàdínlógún pẹ̀lú mẹ́jọ, eélòó ni?” Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wo olùkọ́, ó wo ilẹ̀. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ pé, “Ẹ má bínú, màmá, a kì í sọ Yorùbá nínú kíláàsì.” Màmá dákẹ́. A rí i bí ó ti ń fi ẹsẹ̀ gèlè rẹ̀ nu ojú, a sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Nígbà tí a ń padà lọ, a yà ra ẹja ní ọjà Ajah. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ ń bá ìyá rẹ̀ tajà lẹ́yìn tí ó ti ilé-ìwé ìjọba dé. A bi í ní ìbéèrè kan náà. A kò tíì pa ẹnu dé tí ó fi dáhùn pé, “Márùndínlọ́gbọ̀n, sà.” A bi í bí ó ti ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Mẹ́tàdínlógún, ó ku mẹ́ta kí ó pé ogún. Mo yọ mẹ́ta nínú mẹ́jọ, mo fi dí i. Ó wá ku márùn-ún lórí ogún.” Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìdáhùn yìí kà. Orúkọ tí àwọn baba wa fún 17 ni ó kọ́ ọmọ náà ní ọ̀nà tí yóò gbà ro ó: mẹ́ta ni ó dín kí ó tó ogún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a mú bébà, tí a kọ ìṣirò mìíràn irú rẹ̀ fún un ní gbólóhùn èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n ti ń kọ ọ́ sínú ìwé ilé-ìwé, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ lẹ́ẹ̀kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìka.

Àwọn ọmọ méjì yìí ni ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀kan ní ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n a ti gba èdè ilé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ní èdè ilé rẹ̀, ó sì ní ọgbọ́n ìṣirò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a ní kí ó fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Àwọn méjèèjì ni a jà lólè, kò sì sí ẹni tí ó pariwo.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa ń bá ẹ̀rọ jà. Kò sí ìgbà kan tí àwọn baba wa kọ ohun èlò fún ẹ̀kọ́ ìṣirò. Owó ẹyọ ni wọ́n fi kà á: ogójì ẹyọ ni wọ́n sín pọ̀ sórí okùn kan, àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyí tíí ṣe 20,000. Ọmọ tí ó bá ń ta ayò mọ̀ bí a ti ń pín, bí a ti ń kó jọ, àti bí a ti ń ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta sí i kí a tó gbé ọwọ́. Nígbà tí àwọn àlùfáà Mùsùlùmí mú wàláà dé, a gbà á. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì mú síléètì àti ẹfun dé, a gbà á. Tábúlẹ́ẹ̀tì ti òde òní, ọmọ síléètì ni, ọmọ ọmọ wàláà sì ni. A gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni a ń bèèrè: nígbà tí ó bá la ẹnu, èdè ta ni yóò sọ?

Ìjọba wa kò sùn lórí ọ̀ràn ẹ̀rọ. Ó yẹ kí a yìn wọ́n fún èyí. Ní ọdún 2013, Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tábúlẹ́ẹ̀tì tí a kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò sínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama. Ní ọdún 2020, Ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú, bẹ̀rẹ̀ ètò tí a ń pè ní EKOEXCEL ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, tí iye wọn lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Wọ́n fún olùkọ́ ní tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀: bí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí yóò sọ, ìṣirò tí yóò kọ sí bọ́ọ̀dù. Ilé-iṣẹ́ NewGlobe ni ó bá ìjọba ṣe é, àwọn tí ó ti gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní àwọn ilé-ìwé Bridge ní Kẹ́ńyà. Ní ọdún 2022, Michael Kremer, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí wọn jáde lórí àwọn ilé-ìwé Kẹ́ńyà náà. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ibẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ dáadáa. Nítorí náà ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ kò wúlò fún nǹkan kan, òtítọ́ ni ó ń bá ṣe ọ̀tá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé ẹ̀rọ nìkan tó, òun náà kò sọ òtítọ́. Ìjọba ilẹ̀ Peru ra kọ̀ǹpútà kéékèèké fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìgbèríko, kọ̀ǹpútà kan fún ọmọ kan. Nígbà tí àwọn olùwádìí wo ilé-ìwé 319, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2012, wọn kò rí i pé ìmọ̀ ìṣirò àwọn ọmọ náà fi ohunkóhun lé sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ ìwé kíkà wọn kò lé sí i. Ẹ̀rọ dé, ọmọ yọ̀, ìṣirò dúró síbi tí ó wà. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ń fi iye kọ̀ǹpútà wọn polówó ilé-ìwé ní gbogbo ọ̀nà Lẹ́kí rántí ilẹ̀ Peru.

Kí ni ó wá ń mú kí ìṣirò wọ ọmọ lára? A ó mú ẹ̀rí méjì wá, ọ̀kan láti ọ̀nà jíjìn, èkejì láti ilé.

Ní ìlú Recife ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí ẹ̀jẹ̀ wa pọ̀ sí láti ayé òwò ẹrú, àwọn olùkọ́ mẹ́ta, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann, ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1985. Wọ́n lọ bá àwọn ọmọ tí ń tajà ní ojú pópó, wọ́n ra àgbọn àti èso lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń bi wọ́n ní iye owó àti iye ṣéńjì. Àwọn ọmọ náà kò pọ̀, márùn-ún péré ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n dáhùn pọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè ojú ọjà, wọ́n gba nǹkan bí 98. Lẹ́yìn náà a kọ ìṣirò kan náà sórí bébà bí ti ilé-ìwé, láìsí àgbọn, láìsí oníbàárà: wọ́n gba nǹkan bí 37 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ kan náà, orí kan náà. Ohun tí ó yí padà ni pé a ti já ìṣirò náà kúrò lára ọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ tí ọmọ mọ̀. Ọmọbìnrin ẹlẹ́ja ti Ajah kò mọ ibi tí Recife wà, ṣùgbọ́n arábìnrin wọn ni.

Ẹ̀rí kejì wà ní ilé. Ní oṣù Kíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen’s “A” ní Modákẹ́kẹ́. Àjọ Ford ti Amẹ́ríkà ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú owó. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, wọ́n sì wá olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ láti kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ mìíràn, tí wọ́n fi ṣe ìfiwéra, fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ìgbà tí a wọn ìmọ̀ wọn, àwọn tí ó fi Yorùbá kọ́ ọ ta àwọn yòókù yọ nínú ẹ̀kọ́ wọn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Àwọn àlejò ti òkè òkun ń tọ́ka sí i títí di òní; àwa tí a ni í ni a fi í sínú àpótí.

A ti ṣe irú àṣìṣe báyìí rí. Ní ọdún 1962, àwọn ọ̀mọ̀wé láti Amẹ́ríkà, láti Gẹ̀ẹ́sì àti láti ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Entebbe ní ilẹ̀ Ùgáńdà láti kọ ìwé ìṣirò tuntun fún Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams ti ilẹ̀ wa wà nínú àwọn tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ náà. Ìṣirò ìgbàlódé ni wọ́n pè é. Ọlọ́gbọ́n ni àwọn tí ó kọ ọ́, èrò wọn sì dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ilé-ìwé wa, olùkọ́ tí kò gba ìmúrasílẹ̀ tó kò lè túmọ̀ rẹ̀, baba ọmọ wò ó kò dá a mọ̀, ìyá ọmọ tí ń ṣírò owó ọjà lójoojúmọ́ kò rí ìṣirò tirẹ̀ kan nínú rẹ̀. Ní ọdún 1977 ìjọba àpapọ̀ fi òfin mú un kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. Ohun tí a bá gbé wọ ilé láìjẹ́ kí onílé mọ orúkọ rẹ̀, bí ó ti wọlé náà ni yóò ti jáde. Ǹjẹ́ bí a bá tún kó ẹ̀rọ wọ kíláàsì, tí a kò sì kọ́ ọ ní orúkọ tí ìyá ọmọ ń pe nọ́ńbà, kí ni a rò pé yóò dúró lé?

Àwọn kan yóò wí pé, “Ẹ̀rọ kò gbọ́ Yorùbá, ta ni yóò kọ́ ọ?” Ẹ jẹ́ kí a mú wọn dé ilẹ̀ Màláwì. Orílẹ̀-èdè náà kò lówó tó wa, kò sì ní epo rọ̀bì. Níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ kan tí a ń pè ní onebillion ti kó ẹ̀kọ́ ìṣirò sínú tábúlẹ́ẹ̀tì ní èdè Chichewa, èdè àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Ohùn olùkọ́ Chichewa ni ọmọ ń gbọ́ ní etí rẹ̀. Bí kò bá yé e, yóò tẹ̀ ẹ́ kí ó tún un sọ, láìsí pàṣán, láìsí èébú. Nicola Pitchford ti Yunifásítì Nottingham wọn àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní Lilongwe wò, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2015: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré, àwọn ọmọ tí ó lo ẹ̀rọ náà ta àwọn tí kò lò ó yọ nínú ìṣirò. Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ kan náà wà lára àwọn méjì tí ó jùmọ̀ gba ẹ̀bùn mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là ti Global Learning XPRIZE, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ abúlé ní Tàǹsáníà ti fi ẹ̀rọ tí ń sọ Swahili kọ́ ìwé kíkà àti ìṣirò. Bí ẹ̀rọ bá lè sọ Chichewa, tí ó bá lè sọ Swahili, kí ni ó dí i lọ́wọ́ láti sọ èdè Yorùbá, èdè tí a ti ń tẹ ìwé ìròyìn rẹ̀ láti ọdún 1859 ní Abẹ́òkúta? Kì í ṣe ẹ̀rọ ni kò gbọ́ Yorùbá. Àwọn tí ó ra ẹ̀rọ ni kò bèèrè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan òfin. Ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1977 sọ pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Ní ọdún 2018, Gómìnà Akínwùnmí Ambode fi ọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò èdè Yorùbá ní Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí ó sọ Yorùbá di ẹ̀kọ́ dandan ní gbogbo ilé-ìwé ìpínlẹ̀ náà, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ àpapọ̀ pàṣẹ pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ jálẹ̀ ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Aláùsá, kéde pé a ti fagi lé e, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìdí tí ó fi lélẹ̀ ni pé àwọn agbègbè tí ó lo èdè abínibí ní àlòjù ni ọmọ ti ń kùnà jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

A bọ̀wọ̀ fún Mínísítà. Ọmọ wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò dá ìṣirò lóhùn. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìíní ní ọdún 2022 yóò lo ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yóò sì lo mẹ́fà ní girama. Kò lè jókòó ṣe ìdánwò WAEC ṣáájú ọdún 2034. Báwo ni àṣẹ ọdún 2022 ṣe wá pa ọmọ tí ó kùnà ní ọdún 2025 lára? Bí ó bá sì jẹ́ ètò 1977 ni ó ń bá wí, kò sí ẹni tí ó mọ ilé-ìwé wa tí kò mọ̀ pé orí ìwé ni ètò náà gbé wà ní ibi púpọ̀: ìwé ìṣirò tí a ń tà fún kíláàsì kìíní, Gẹ̀ẹ́sì ni, ìbéèrè ìdánwò, Gẹ̀ẹ́sì ni, ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé-ìwé, ìtanràn ni. A kì í dá igi tí a kò gbìn lẹ́bi pé kò so. Àwọn ọmọ tí ń kùnà wọ̀nyí, inú Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé wọn ni wọ́n ti kùnà.

Ó ku àwọn àtakò mẹ́ta tí a máa ń gbọ́ ní ojúde ilé àwọn ènìyàn ńlá, a kò sì ní sá fún wọn.

Èkíní, wọ́n ní kíkà Yorùbá le, pé ó fi ogún ṣe ìpìlẹ̀, pé ó ń yọ ó sì ń dín. A gbà pé nígbà tí nọ́ńbà bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìkà àtijọ́ a máa lọ́ bí ọ̀nà inú igbó, àní fún àgbàlagbà. Ní irú ibẹ̀, a lè fi ẹgbẹ̀rún, ọgọ́rùn-ún, ìdì mẹ́wàá àti ẹyọ kọ́ ọmọ, Yorùbá náà ni yóò sì jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilẹ̀ Faransé. Bí ọmọ Faransé bá fẹ́ pe 97, “ogún mẹ́rin, mẹ́wàá, méje” ni ó ń pè é, bí àwọn ará wa ní Kútọnu àti Pọtonóvò ti mọ̀ dájú. Àwa ń pè é ní mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. A kò tíì gbọ́ kí àwọn Faransé torí èyí kó ọmọ wọn lọ sínú èdè ẹlòmíràn láti kọ́ ìṣirò. Ní ti ọ̀rọ̀ ìperí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé ìwé èdè-ìperí Yorùbá jáde láti ọdún 1984, a sì ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní èdè mẹ́sàn-án ilẹ̀ Nàìjíríà, tiwa sì wà lára wọn. Iṣẹ́ ti wà ní ilẹ̀. Àwọn tí yóò gbé e sínú ẹ̀rọ ni kò tíì dìde.

Èkejì, wọ́n ní Thomas Estate kì í ṣe abúlé Yorùbá, pé Ígbò wà níbẹ̀, Ẹ̀dó wà níbẹ̀, Ìjọ àti Haúsá wà níbẹ̀. Òtítọ́ ni, aládùúgbò wa sì ni gbogbo wọn. Ní ayé bọ́ọ̀dù dúdú, àtakò yìí lágbára, nítorí olùkọ́ kan kò lè sọ èdè márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè ṣe é! Ọmọ Yorùbá yóò tẹ Yorùbá, ọmọ Ígbò yóò tẹ Ígbò, ìṣirò kan náà ni wọn yóò ṣe, wọn yóò sì pàdé nínú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó bá yá. Ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe tí ènìyàn kò lè ṣe gan-an nìyí, òun sì ni a kò lò ó fún. A ra ẹṣin tán, a wá gbé e lé orí.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni èdè iṣẹ́ àti ti ayé, pé a fẹ́ dá ọmọ dúró sí oko. Ta ni nínú wa tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Àwa tí ń kọ ìwé yìí ń sọ ọ́, a sì ń jẹun nínú rẹ̀. Ohun tí a sọ ni pé kí òye kọ́kọ́ wọlé ní èdè tí ọmọ gbọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì sì wá bá òye náà nínú ilé. Ọmọ tí ó ti mọ ohun tí ìdajì jẹ́, láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ń gé ẹja sí méjì, ọjọ́ kan ni yóò fi kọ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ọmọ tí ó mọ orúkọ náà tí kò mọ ohun náà, ọdún mẹ́fà kò tó o.

Nítorí náà, kí ni ṣíṣe? A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ lè kà á kí ẹ sì kédàárò.

Ẹ̀yin ìjòyè Ajah àti ti gbogbo Etí-Ọ̀sà, ẹ̀yin ni ìjọba máa ń gbọ́. Ẹ kọ ìwé sí àjọ tí ń ṣe àbójútó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ bèèrè pé kí a kọ ẹ̀kọ́ ìṣirò kíláàsì kìíní sí ìkẹta sínú tábúlẹ́ẹ̀tì olùkọ́ ní Yorùbá, kí a gba ohùn sínú rẹ̀, kí àmì ohùn rẹ̀ pé, kí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí ìjọba bá ń bẹ̀rù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé mẹ́wàá ní etí ọ̀sà, kí wọ́n wọn àwọn ọmọ wò bí Fáfúnwá ti wọn tirẹ̀. Àwa kò bẹ̀rù òṣùwọ̀n. Ẹ sì pe àwọn ìyálọ́jà àti àwọn apẹja wá sí ààfin, kí àwọn tí yóò kọ ẹ̀kọ́ náà gbọ́ bí wọ́n ti ń ka ẹja, bí wọ́n ti ń pín èrè, bí wọ́n ti ń dá àjọ. Ìṣirò tí ó kún inú ìwé kan wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin onílé àti ayálégbé ní Thomas Estate àti ní àwọn ẹsiteeti gbogbo tí ó wà ní ọ̀nà yẹn, ẹ̀yin ni ẹ ń san owó, ẹ̀yin sì ni ilé-ìwé aládàáni ń gbọ́. Ní ìpàdé òbí tí ń bọ̀, ẹ dìde, kí ẹ bèèrè ìbéèrè mẹ́ta: ta ni olùkọ́ Yorùbá yín gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2018 ti wí? Èló ni àkókò tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un ní ọ̀sẹ̀? Ǹjẹ́ a ń jẹ ọmọ níyà nítorí èdè ìyá rẹ̀? Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn gidi gbà, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀rọ wọn.

Ní ilé, ẹ ka àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọmọ yín ní Yorùbá. Ẹ fún un ní owó ọjà, kí ó ro ṣéńjì fún ìyá àgbà. Ẹ ra ọpọ́n ayò kan, kí ẹ pa tábúlẹ́ẹ̀tì fún wákàtí kan.

A tún rántí màmá tí ó jókòó ní kíláàsì tútù náà ní Thomas Estate. Ìṣirò tí ó fi san owó ilé-ìwé baba ọmọ yẹn, èdè Yorùbá ni ó fi rò ó. Òun sì ni a sọ fún pé a kì í sọ Yorùbá nínú kíláàsì. Bí a bá gba èyí láìsọ̀rọ̀, àwa tí a ní ìwé ìròyìn, tí a ní ipò àti oyè, ta ni yóò sọ ọ́? Ẹ jẹ́ kí á gbé e lọ sí ìpàdé, kí á gbé e lọ sí ààfin, kí á gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, títí ẹ̀rọ tí a fi owó ìlú rà yóò fi dá màmá lóhùn ní èdè tí ó fi bi í.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí a ṣe é. Ire o.